AA, SMART, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti orí Zoom: ìpàdé wo ló máa gbà yín bí ẹ bá fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, àbúrò mi kan pè mí láti Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò tíì kí mi tán tó fi sọ ọ́ jáde: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí mẹ́rin. Èwo ni kí n lọ?" Mo mọ ohun tó ń bi mí. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni mo jẹ́wọ́ fún un pé ó ti pé ọdún mẹ́rin tí mo ti ń lọ sí ìpàdé àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí, àti pé igo omi tí mo máa ń gbé kiri lóde àríyá kì í ṣe nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru bí ìyá mi ṣe ń sọ fún àwọn ará.

Mẹ́rin tó kọ sórí fóònù rẹ̀ nìyí: AA (Alcoholics Anonymous, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mùtí tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti jáwọ́), SMART Recovery (ẹgbẹ́ mìíràn tó ń kọ́ni ní ọ̀nà àtijáwọ́), ẹgbẹ́ kan tí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀, àti ìpàdé kan tó jẹ́ orí Zoom nìkan. A jọ gbé wọn sórí ìwọ̀n lálẹ́ ọjọ́ náà fún wákàtí kan àtààbọ̀. Ohun tí mo sọ fún un ni mo kọ síbí, pẹ̀lú ohun tí mo gbàgbé láti sọ.

Kí ẹ tó yan ìpàdé kankan

Bí ọwọ́ yín bá ń gbọ̀n láàárọ̀ títí ẹ óò fi mu ife àkọ́kọ́, bí òógùn bá ń bò yín lóru tó jẹ́ pé ọtí nìkan ló ń dá a dúró, ẹ má dá ọtí dúró lójijì. Ara tí ọtí ti mọ́ lójoojúmọ́ kì í gbà kí wọ́n já a gbà lọ́wọ́ òun wọ́ọ́rọ́wọ́. Gìrì lè gbé èèyàn láàárín wákàtí 6 sí 48 lẹ́yìn ife tó mu kẹ́yìn. Láti nǹkan bí ọjọ́ kejì dé ìkẹrin, àwọn mìíràn á máa rí ohun tí ẹlòmíràn ò rí, ara wọn á gbóná, àyà wọn á máa lù kì-kì-kì, ó sì ń pa èèyàn bí wọn ò bá tọ́jú ẹ̀. Dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Ní Britain, GP yín (dókítà àdúgbò yín) lè rán yín lọ gba ìtọ́jú, ẹ sì lè pe ibùdó ìtọ́jú ọtí àti oògùn àdúgbò yín fúnra yín láìgba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nílé, Aro ní Abẹ́òkúta àti ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Yábàá ń tọ́jú ẹ̀. Mo mọ̀ pé orúkọ méjèèjì yìí ni wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá nígbà tá a wà ní kékeré. Ẹ lọ ná.

Ìpàdé kì í ṣe ilé ìwòsàn. Kò sí nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Tíì àti bisikíìtì ló wà níbẹ̀.

AA àti SMART, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí ìwà wọn ò jọra

AA ni ẹ̀gbọ́n. Ọdún 1935 ló bẹ̀rẹ̀ nílùú Akron, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà. Bill Wilson, tó ń ṣòwò ní New York, àti Dókítà Bob Smith, oníṣẹ́ abẹ, ni wọ́n pàdé. Wọ́n rí i pé ohun tí ìwàásù àti ìlérí ò lè ṣe fáwọn, ọ̀mùtí méjì tó jókòó tí wọ́n sọ òótọ́ fún ara wọn lè ṣe é. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún yẹn, tí Dókítà Bob mu ọtí kẹ́yìn, ni wọ́n ń kà sí ọjọ́ ìbí ẹgbẹ́ náà. Ìgbésẹ̀ 12 tí gbogbo èèyàn ń gbọ́ nípa rẹ̀, ìlànà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń tẹ̀ lé ní ẹsẹẹsẹ láti jáwọ́, wà nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1939.

SMART náà, Amẹ́ríkà ló ti wá, ṣùgbọ́n 1994 ló gba orúkọ yẹn. Ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ló ti kó irinṣẹ́ rẹ̀: bí èrò ṣe ń bí ìṣe, àti bí èèyàn ṣe lè dá èrò náà lọ́nà kó tó dé ọwọ́. Kò ní ìgbésẹ̀ 12. Kókó mẹ́rin ló ní, wọn ò sì ní kí ẹ tẹ̀ lé wọn ní ẹsẹẹsẹ: kí ìfẹ́ àtijáwọ́ má kú, kí ẹ lè fara dà á nígbà tí ọtí bá ń pè, kí ẹ káwọ́ èrò àti ìbínú yín, kí ayé yín sì wà déédéé.

Ìtàn nìyẹn. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà fẹ́ mọ ohun tó máa bá nínú yàrá.

AA tí mo kọ́kọ́ lọ, yàrá abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ni. Ilẹ̀kùn méjì ló wà níbẹ̀, mo sì ṣí èyí tí kì í ṣe òun. Ẹgbẹ́ akọrin ni mo bá lókè, obìnrin kan sì bi mí bóyá tẹ́nọ̀ ni mí. Nígbà tí mo fi máa dé ìsàlẹ̀, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Àga oníke bí ogún ni wọ́n tò yípo, omi tíì ń hó ní igun yàrá. Ẹnì kan ka ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ nínú ìwé kan tí etí rẹ̀ ti ká. Ẹnì kan sọ ìtàn ara rẹ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ni àwọn yòókù ń sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: "Orúkọ mi ni báyìí, ọ̀mùtí sì ni mí," gbogbo yàrá á sì fi orúkọ yẹn kí i. Orúkọ àbísọ nìkan, kò sẹ́ni tó ń béèrè ti bàbá ẹ.

Nígbà tó yá, obìnrin tó jókòó tì mí bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Mo ti lanu láti sọ pé "pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrójú", àfi bí mo ṣe wò yíká tí mo rí i pé kò sẹ́ni tó mira. Ní AA, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Wọn kì í dá a lóhùn, wọn kì í gbà á nímọ̀ràn, wọn kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Ó dùn mí gan-an lọ́jọ́ náà. Àwa tó jẹ́ pé ẹni tó ń sunkún ò lè mí ẹ̀ẹ̀mejì kí a tó kí i! Oṣù kan ló gbà mí kí n tó rí ohun tó wà nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn. Obìnrin náà sọ tiẹ̀ dé òpin. Nínú ilé tiwa, "pẹ̀lẹ́" kẹta ni ì bá ti pa á lẹ́nu mọ́.

Bí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bá máa lé yín jáde, ẹ lọ sí SMART. Ẹni tó ń darí níbẹ̀ ti gba ìdálẹ́kọ̀ọ́, àwọn èèyàn sì ń dá ara wọn lóhùn. Ẹ á sọ bí ọ̀sẹ̀ yín ṣe lọ, ẹnì kan á sì bi yín pé, "Kí lẹ ṣe nígbà tó dé?" Ó jọ ìjókòó pálọ̀ tiwa. Wọ́n tún máa ń fún èèyàn níwèé. Èyí tí mi ò gbàgbé ni bébà kan tí wọ́n pín sí àpótí mẹ́rin: àǹfààní ọtí mímu, ìnáwó rẹ̀, àǹfààní jíjáwọ́, ìnáwó jíjáwọ́. Nínú ti àkọ́kọ́ mo kọ pé: oorun, n kì í ronú gbèsè, mo máa ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Nínú ti kejì mo kọ pé: ọmọ mi ò fẹ́ kí n wá mú òun ní iléèwé lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo kọ ọ́ tán, mo sì fi ọwọ́ bò ó. Nínú èyí tó kẹ́yìn, ìnáwó jíjáwọ́, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni mo kọ: Sátidé á gùn.

Ọ̀rọ̀ "ọ̀mùtí" yìí tún ń kọ́ àwọn èèyàn wa lẹ́sẹ̀. Èébú ni lẹ́nu wa, ẹni tó sùn sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. SMART ò ní kí ẹ fi pe ara yín. Ní AA, àṣà ni, kì í ṣe òfin: ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wọlé ni pé kó fẹ́ dá ọtí dúró. Oṣù méjì ni mo fi sọ pé "orúkọ mi ni báyìí, inú mi dùn pé mo wá", kò sì sẹ́ni tó wò mí lẹ́ẹ̀mejì.

Ti Ọlọ́run ńkọ́? Ìgbésẹ̀ 12 dárúkọ Ọlọ́run, "bí olúkúlùkù bá ṣe mọ̀ Ọ́n", wọ́n sì máa ń fi àdúrà parí ìpàdé. SMART ò dá sí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn rárá. Fún ọ̀pọ̀ Yorùbá, ibi tí wọ́n ti dárúkọ Ọlọ́run kì í ṣe ìṣòro. Ohun tó máa ń rú wọn lójú ni pé AA, bó ṣe ń ṣe ìpàdé nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tó, kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kàn ń háyà ibẹ̀ ni. Owó tí àwọn tó wà nínú yàrá bá jù sínú agbọ̀n ni wọ́n fi ń sanwó yàrá àti tíì, wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ìjọba tàbí olówó ìta. Ẹni tó bá jẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ ẹ̀, kó jẹ́ kí agbọ̀n kọjá. SMART náà ò gba owó ìwọlé.

Ibi tí AA ti ju SMART lọ lójú tèmi ni aago mọ́kànlá alẹ́. AA ní ohun tí wọ́n ń pè ní sponsor: ẹni tó ti pẹ́ nínú rẹ̀, tó gbà láti máa fà yín lọ́wọ́, tó sì fún yín ní nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ lè pè é nígbà tí ìgò bá wà lórí tábìlì. SMART ò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó gbà pé ẹ máa kọ́ irinṣẹ́ náà, ẹ máa lò ó, ẹ ó sì máa bá ayé yín lọ nígbà tí ara bá yá. Ìkìlọ̀ kan fún àwọn obìnrin: obìnrin bíi tiyín ni kí ẹ mú ní sponsor, torí àwọn ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé ẹni tuntun ni wọ́n ń wá kiri nínú ìpàdé. Ìpàdé obìnrin nìkan wà ní AA. Women for Sobriety tí Jean Kirkpatrick dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1975 sì wà, kìkì obìnrin ni.

Ibi tí SMART ti ju AA lọ ni ọ̀rọ̀ oògùn. Bí dókítà bá kọ oògùn fún yín, SMART ò ní sọ pé kí ẹ má lò ó. Àwọn ìwé AA fúnra wọn sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ kankan ò gbọ́dọ̀ ṣe dókítà fún ẹlòmíràn, síbẹ̀ ẹ ṣì máa bá àgbààgbà kan níbẹ̀ tó máa sọ pé ẹni tó ń lo oògùn ò tíì jáwọ́. Ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, kẹ́ ẹ sì lo oògùn yín.

Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rí: ní 2020, àjọ Cochrane, tó ń ṣe àkópọ̀ ìwádìí ìṣègùn, gbé àyẹ̀wò kan jáde tó kó ìwádìí 27 pọ̀, lórí èèyàn tó lé ní 10,000. Ó rí i pé ìtọ́jú tó ń darí èèyàn sí AA ní ọ̀nà tó létò mú kí àwọn tó pọ̀ sí i wà láìmu ọtí rárá ju àwọn ìtọ́jú mìíràn bí èyí tó ń tún èrò ṣe. Kò fi AA àti SMART jà o. Kò sì sọ pé ẹ ò gbọ́dọ̀ lọ sí méjèèjì: èmi fi bí oṣù mẹ́fà lọ sí SMART lọ́jọ́rú àti AA ní Sátidé.

Ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti Mùsùlùmí

Ibí yìí ni ohùn àbúrò mi ti yí padà. Pásítọ̀ rẹ̀ ló ń darí ẹgbẹ́ yẹn, ìrọ̀lẹ́ Tuesday, àdúrà ìdáǹdè àti ààwẹ̀.

Mo bi í pé àwọn wo ló máa wà níbẹ̀. Ó dárúkọ wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni àǹtí ìyàwó rẹ̀.

Ẹgbẹ́ Kristẹni tó ní ìlànà yàtọ̀ sí èyí. Celebrate Recovery bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Saddleback ní California lọ́dún 1991. Bíbélì ni wọ́n fi ń ka Ìgbésẹ̀ 12, kì í ṣe ọtí nìkan ni wọ́n ń bá jà, ọkùnrin àti obìnrin a sì máa pínyà sí ẹgbẹ́ kéékèèké kí wọ́n lè sọ̀rọ̀. Àwọn Mùsùlùmí ní Millati Islami, tó bẹ̀rẹ̀ ní Baltimore lọ́dún 1989, tó tún Ìgbésẹ̀ náà kọ bí ó ti bá Ìsìláàmù mu. Mùsùlùmí tó ń mutí ń ru ẹrù méjì, ti ọtí àti ti pé kò yẹ kí ọtí dé ẹnu òun rárá. Mo ti rí ẹni tó jẹ́ pé ó sàn fún un láti jókòó láàárín àwọn tí kò mọ ohun tí hàrámù jẹ́. Kó kàn mọ̀ pé ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ìpàdé AA ń fi Àdúrà Olúwa parí. Kò sí dandan, ó lè dákẹ́.

Mi ò lòdì sí àdúrà. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè bóyá ẹni tó ń darí ti fi ìgbà kan rí mutí tó sì jáwọ́, àti bóyá ohun tí ẹ bá sọ níbẹ̀ lè dé orí pẹpẹ lọ́jọ́ Àìkú gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ẹlẹ́rìí. Àti ààwẹ̀: ẹni tó ń mu ìgò kan lójúmọ́ tí wọ́n wá ní kó gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta, ohun tí mo kọ nípa gìrì lókè yẹn ni wọ́n ń rán an lọ bá.

Kí ẹ wọ yàrá, àbí kí ẹ wọ Zoom?

Ẹ̀rù tó ń ba àwa ará ilé jù ni pé a máa pàdé ẹni tó mọ̀ wá. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Oṣù karùn-ún mi, ìyá kan wọlé pẹ̀lú gèlè lórí, ó ti òde kan bọ̀, ó wò mí, mo wò ó. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ lórí àga. Ó ní, "Ṣé dáadáa lo wà, ọmọ mi?" Mo ní, "Dáadáa ni, Mà." Ó lọ bu tíì. A ti pàdé lóde ìnáwó bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà yẹn, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí a ti mọra. Ohun tó gbé e wá náà ló gbé mi wá. Báwo ló ṣe fẹ́ sọ tèmi láìsọ tiẹ̀?

Zoom ló ń pa àṣírí mọ́ jù, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n lò. Èmi ò mọ̀ ọ́n lò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, orúkọ mi, orúkọ bàbá mi àti orúkọ ibi iṣẹ́ mi ló jáde lábẹ́ ojú mi, torí fóònù kan náà ni mo fi ń ṣe ìpàdé ọ́fíìsì. Ẹ yí orúkọ náà padà kí ẹ tó tẹ ohun tó máa gbé yín wọlé. Ẹ lè pa kámẹ́rà, ẹ lè má sọ̀rọ̀.

Fún ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, Zoom lè jẹ́ ọ̀nà tó yá jù, tórí ìpàdé ò sí ní gbogbo àdúgbò bíi ti Lọ́ńdọ̀nù, àwọn tó ń ta paraga àti ọtí inú ọ̀rá ló wà ní gbogbo àdúgbò. Online Intergroup ti AA ní àkójọ ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ayé, tọ̀sán-tòru. SMART náà ní tiẹ̀. Ìpàdé aago méjì òru, nígbà tí iná bá wà tí dátà ò sì wọ́n, èèyàn kan ń jí níbì kan láti gbọ́ yín. Ẹ tún ka aago dáadáa: ọ̀pọ̀ ìgbà ni aago Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ. Ẹni tó kàn fẹ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní Nàìjíríà lè pe NDLEA (àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró) lọ́fẹ̀ẹ́, 0800 1020 3040. Ti AA ní Britain ni 0800 9177 650.

Síbẹ̀, bí yàrá bá wà nítòsí yín, ẹ wọ yàrá. Lórí Zoom, ìgò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà tí kámẹ́rà ò rí i. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí mo ṣe é.

Bí ẹ ṣe máa ka àkójọ ìpàdé

Áàpù Meeting Guide ti AA lọ́fẹ̀ẹ́ ni, ó sì máa fi èyí tó sún mọ́ yín hàn. Ẹ máa rí i pé àwọn kan ṣí (open), àwọn kan tì (closed). Ìpàdé tó ṣí, ẹnikẹ́ni lè wọ ọ́, títí kan ìyàwó tàbí ọ̀rẹ́ tó sìn yín wá. Èyí tó tì, ti ẹni tó fẹ́ dá ọtí dúró nìkan ni. Ẹni tí ọkọ tàbí ọmọ ẹ̀ ń mutí ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, Al-Anon, láti 1951. Kò dìgbà tí ẹni tó ń mutí bá gbà kó tó lọ.

Àbúrò mi tún fẹ́ kí n sọ èyí tó dára jù. Mo bi í pé ọjọ́ wo ni ọtí ń pè é jù. Ó ní Sátidé, láti aago márùn-ún, nígbà tí gbogbo Old Kent Road bá ti wọ aṣọ ẹbí. SMART tó rí, Ọjọ́rú. Ti pásítọ̀, Tuesday. Ti Zoom, Monday. AA nìkan ló ní ti Sátidé, aago mẹ́fà, ìrìn ogún ìṣẹ́jú sí ilé rẹ̀. Ìpàdé ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ni.

"Ẹ má wá lọ́la o, ẹ̀gbọ́n," ó ní. Mo gbà.

Ní ọjọ́ kejì, ìṣẹ́jú mẹ́ta kù kó di mẹ́fà, fóònù mi dún.

"Ilẹ̀kùn méjì ló wà níbí."

"Ṣé o ń gbọ́ orin?"

"Mo ń gbọ́ ọ, lókè."

"Má gòkè."